Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́
(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ lórí ṣíṣe àánú fún ẹni tó ṣòro bá gbé)

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí kò jìnnà sí ìsọ̀ wa. Kò sí ọjà tí kò ní ẹni tó ṣòro bá gbé. Òmíràn á ra gàrí láwìn, tówó bá dé ọwọ́ rẹ̀ tán, ẹ̀yìn ìsọ̀ ni yóò máa gbà kọjá. Òmíràn, kí apẹ̀rẹ̀ yín ṣáà ti kan ilẹ̀ rẹ̀, ọjà dàrú nìyẹn. Òmíràn á ní kí oníbàárà yín má ra èlùbọ́ yín, pé ó ti bu. Lọ́jọ́ ìsinmi, gbogbo wa á kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ó ní kí Olúwa ṣàánú fún wa. Tó bá wá di ọjọ́ ajé, kí la ó ṣe fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀?

Jésù pa òwe kan tó jọ ọ̀rọ̀ ọlọ́jà, ó wà nínú Mátíù orí 18. Ìránṣẹ́ kan jẹ ọba ní 10,000 tálẹ́ńtì, ọba fi gbogbo rẹ̀ jì í. Bó ṣe jáde báyìí, ó rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ ẹ́ ní 100 dínárì, ó fún un lọ́rùn, ó sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Dínárì kan ni owó iṣẹ́ òòjọ́ lébìrà nígbà náà. Tálẹ́ńtì kan sì tó nǹkan bíi 6,000 dínárì. 100 dínárì kì í ṣe owó kékeré o, ó ju iṣẹ́ oṣù mẹ́ta lọ. Jésù kò sọ pé gbèsè yẹn kì í ṣe gbèsè. Àmọ́ èyí tí ọba fi ji ìránṣẹ́ náà tó ìlọ́po 600,000 rẹ̀. Ẹni tí a ṣàánú fún tó báyìí, ọwọ́ rẹ̀ kò yẹ kó le mọ́ ọrùn ẹnìkejì.

Ní Ìbàdàn wa níbí, a ní ìtàn tí a lè fi kọ́gbọ́n. Ta ni kò mọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ọlọ́jà bíi tiwa? Samuel Johnson, ẹni tó gbé Ìbàdàn láyé ìgbà náà, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ìyálóde bí kú sórí ìkúnlẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ ti yigbì sí àwọn ẹrú rẹ̀, pàápàá ẹrúbìnrin tó bá lóyún. Ìwà ìkà ni, a kò ní bò ó.

Ní 1874, Ààrẹ Látòósà ka ẹ̀sùn mẹ́ta sí i lẹ́sẹ̀: kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sójú ogun, kò sì wá pàdé òun lẹ́nu odi nígbà tí òun dé. Ìyálóde san ìtanràn, síbẹ̀ wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n ní kí àwọn ẹrú rẹ̀ pa á lóru. Ẹ wò ó dáadáa: nínú ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó mẹ́nu ba àwọn ẹrú tó jìyà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iyì Ààrẹ ni gbogbo rẹ̀. Àwa náà ńkọ́? Tí a bá ní a fẹ́ kọ́ ẹnì kan lọ́gbọ́n, ṣé nítorí ìwà rẹ̀ ni, àbí nítorí ó rí wa fín?

Nítorí náà, báyìí ni ká máa ṣe é. Mátíù 18 yẹn náà ló ní ká kọ́kọ́ pe ẹni tó ṣẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwa méjì péré. Tí kò bá gbọ́, ká mú ẹnì kan tàbí méjì dání. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó kan ẹgbẹ́. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí ariwo ọjà. Ẹ bi í pé, "Ilé ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?" Ẹ lè gbọ́ ohun tí ẹ kò rò.

Onígbèsè, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ẹ pín in sí ọjọ́ ọjà mélòó kan, kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ má tà á láwìn mọ́ títí yóò fi san tán. Ìyẹn náà àánú ni, kí gbèsè má baà bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ má fi àìrọ́mọbí tàbí ọmọ tó kú bú ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí inú bí yín tó.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lu ọmọ ọ̀dọ̀ nílùkulù, tàbí tó ń fi kóńgò èké jẹ àwọn èèyàn, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ Ìyálọ́jà. Aláìlágbára kọ́ ni yóò máa fi ara san owó àánú tí a ń ṣe fún alágbára. Ká bá a wí, ká gba ẹ̀tọ́ ẹni tó rẹ́ jẹ fún un. Bó bá sì ti ronú pìwà dà, ká fún un láyè ìsọ̀ rẹ̀ padà, ká máa kí i. Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń báni wí, òsì la fi ń fà á mọ́ra.

Kí Olúwa fún wa lọ́kàn aláàánú. A ò ní ṣòro fún ara wa o. Àmín.