Àpótí Iná inú Kọ̀ǹpútà: Ọ̀rọ̀ tí a bá Ẹgbẹ́ sọ ní Ẹdẹ

Nígbà tí Akọ̀wé sọ fún wa pé àwa ni ọ̀rọ̀ oṣù yìí kàn, ó dá wa lójú pé ìtàn tàbí Ìwé Mímọ́ ni ẹ ó máa retí láti ẹnu wa. Ẹ foríjì wá. Ọ̀rọ̀ irin àti iná mànàmáná ni a mú wá, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ wa nípa rẹ̀ kì í ṣe irin.

Ẹ mọ̀ pé Ẹdẹ kì í ṣe ìlú kékeré bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìlù. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jọba láti 1946 títí di 1975, a máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá. Nítorí ìdí èyí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́, láti máa ya àwọn àgbà onílù sí àwòrán tí ń rìn, pẹ̀lú ohùn wọn, kí àwọn tí yóò lọ kọ́ ọmọ lè rí i lò. Kọ̀ǹpútà wa kò yára. Kí ó tó parí iṣẹ́ àwòrán wákàtí kan, ilẹ̀ á ti ṣú. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ̀ ọ́n ní kí a ra káàdì àwòrán sí i, èyí tí wọ́n ń pè ní gíráfíìsì káàdì. A rà á: RTX 3060 ni orúkọ rẹ̀, wáàtì 170 ni ó sì ń jẹ. Gbogbo wa ni a béèrè iye owó rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí yóò máa bọ́ ọ.

Láti ìgbà náà ni kọ̀ǹpútà náà ti ń kú lójijì bí iṣẹ́ bá ti wọ̀ ọ́ lára. Iná ìlú ni a ń bá wí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dún pòó, èéfín jáde, àpótí tí ń pín iná nínú rẹ̀ jóná, ó sì mú díìsìkì tí a kó àwòrán sí lọ pẹ̀lú. Nínú díìsìkì náà ni oríkì ìdílé mẹ́ta wà, láti ọwọ́ àgbà onílù kan tí ó ti sùn kí ọyẹ́ tó dé. A kò ní ẹ̀dà kejì. Bẹ́ẹ̀ olùkọ́ ni wá, ó sì ti ju ogún ọdún lọ tí a ti ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ wọn.

Àpótí yìí, tí àwọn oníṣòwò wa ń pè ní páwà páàkì, òun ni ìyálé tí ń pín oúnjẹ nínú kọ̀ǹpútà. Iná fólìtì 230 tí ń ti ara ògiri wá a máa lọ, a sì máa bọ̀. Àpótí yìí ni ń sọ ọ́ di èyí tí ń lọ síbì kan ṣoṣo, tí ó sì ń bù ú sí fólìtì 12, fólìtì 5 àti fólìtì 3.3. Nínú abọ́ 12 ni káàdì àwòrán ti ń jẹ, ibẹ̀ náà ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà ti ń jẹ. Ihò tí a ti káàdì bọ̀ kò gbọdọ̀ fún un ju wáàtì 75 lọ. Wáyà onírin 6 a fi 75 kún un, onírin 8 a fi 150 kún un.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbi àkọlé ara àpótí, nítorí ibẹ̀ ni a ti jìn sí kòtò. Ara èyí tí ó jóná ni a kọ 500 sí gàdàgbà. Lẹ́yìn ìjàǹbá ni a tó mú dígí ojú wa, tí a sì ka ìlà kékeré ìsàlẹ̀: fólìtì 12, áńpìà 18. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ìṣirò, 12 lọ́nà 18 kò ju 216 lọ. Káàdì ń béèrè 170, ọpọlọ ń béèrè 65. Ó ti di 235 kí a tó ka fáànù àti díìsìkì. Ọ̀rọ̀ ọjà ni 500 náà.

Ẹnìkan lè ní, bí gbogbo rẹ̀ kò bá tó 300, èé ṣe tí àwọn tí ó ṣe káàdì náà fi ní kí a ra àpótí wáàtì 550? Ìdí ni pé káàdì kì í jẹun lọ́nà kan náà nígbà gbogbo. A máa fò sókè lójijì, kí ojú tó ṣẹ́. Nítorí irú ìfò bẹ́ẹ̀ ni ìlànà ATX 3.0, tí ó jáde ní 2022, fi ní kí àpótí ńlá lè farada ìlọ́po méjì agbára rẹ̀ fún ìdá kan nínú 10,000 ìṣẹ́jú àáyá. Àmì 80 Plus tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àpótí láti 2004 dára, ṣùgbọ́n iná tí ń ṣòfò ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀: àpótí tí ó pín 300 jáde, tí ìdá 80 nínú 100 sì wúlò, yóò gba 375 lára ògiri. Ẹni tí ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Àwọn tókùnbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá ńkọ́? Bí ẹ bá rí ìtẹ̀ pupa kékeré lẹ́yìn wọn tí a kọ 115 àti 230 sí, ẹ tì í sí 230 kí ẹ tó fi iná sí i. Ẹ má sì ṣe mú wáyà àpótí kan ti òmíràn bọ̀ nítorí pé ẹnu rẹ̀ wọ̀ ọ́. Olúkúlùkù ilé-iṣẹ́ ni ó ní bí ó ṣe tò ó. Ìnfátà olówó pọ́ọ́kú pẹ̀lú, iná rẹ̀ a máa gún ságasàga, àpótí mìíràn kì í sì í gbà á.

Àwọn kan ti bi wá bóyá ìlú bí Ẹdẹ ní ohun kan í fi irú ẹ̀rọ báyìí ṣe. Ní Yunifásítì Redeemer's, ní Ẹdẹ yìí kan náà, ni a ti kọ́kọ́ ka àbùdá kòkòrò Kòrónà ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní oṣù kẹta 2020. Ẹ jẹ́ kí á fi ìyẹn sílẹ̀.

A ti ra àpótí tuntun wáàtì 650. A ka ìlà kékeré rẹ̀ kí a tó sanwó: áńpìà 54 lórí 12, èyí tí í ṣe 648. Díìsìkì méjì ni a ń kó iṣẹ́ sí nísinsìnyí, ọ̀kan kì í sì í sùn nínú ilé tí kọ̀ǹpútà wà. Àbúrò àgbà onílù náà rántí oríkì kan nínú mẹ́ta. Ó ní òun kò mọ méjì yòókù dé òpin. Ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀ ni a ó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan nílé tí ó ti gba ìlù bàbá náà sílẹ̀ níbi òkú tàbí ìgbéyàwó, kí ó jọ̀wọ́ rí wa kí a tó tú ká.