Odò Kan, Orúkọ Méjì

Odò kékeré kan wà ní ilẹ̀ àwọn Súlù, ní Gúúsù Áfíríkà, tí ó ń jẹ́ orúkọ méjì. Ncome ni àwọn Súlù ń pè é. Odò Ẹ̀jẹ̀ ni àwọn Afrikaner ń pè é, èyíinì ni àwọn òyìnbó tí púpọ̀ nínú baba ńlá wọn ti Họ́láńdì wá.

Ogun ni ó bí orúkọ kejì yìí. Ní oṣù Kejì ọdún 1838, Dingane, ọba àwọn Súlù, pa Piet Retief tí ó wá tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, òun àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún náà, Andries Pretorius àti àwọn jagunjagun bí 470 fi kẹ̀kẹ́-ẹrù 64 ṣe ọgbà yí ara wọn ká. Ọ̀kọ̀ kò ṣe é bá àgbá jà. Àwọn Súlù bí 3,000 ṣubú. Nínú ọgbà, ẹni mẹ́ta péré ni ó fara gbọgbẹ́.

Ẹ̀jẹ́ tí àwọn Afrikaner jẹ́ fún Ọlọ́run ṣáájú ìjà náà ni púpọ̀ nínú wọn wá sọ di ẹ̀rí pé Ọlọ́run ni ó fi ilẹ̀ náà jíǹkí wọn. Láti ọdún 1971 ni kẹ̀kẹ́ 64 tí a fi idẹ rọ ti dúró yí ká ní etí odò. Iṣẹ́ ọnà tí ó dára ni, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ti àwọn 3,000?

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ncome ni ó ń sọ ọ́, ní òdìkejì odò. Ọdún 1999 ni a ṣí i, lẹ́yìn tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti kógbá wọlé. Wọ́n kọ́ ọ ní àwòrán ìwo ẹfọ̀n, bí àwọn ọmọ-ogun Súlù ti máa ń tò lójú ìjà. Láti ọdún 1995 ni ìjọba ti ń pe ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ní Ọjọ́ Ìlàjà, síbẹ̀ ó di ọdún 2014 kí Ààrẹ Jacob Zuma tó ṣí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí ó so bèbè méjèèjì pọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá dé ibẹ̀, kí ó má ṣe wo kẹ̀kẹ́ idẹ nìkan kí ó sì padà sínú ọkọ̀. Èmi ìbá tilẹ̀ gbà á níyànjú pé kí ó ti ìhà àwọn Súlù bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìtàn tiwọn ni ó pẹ́ jù kí a tó gbọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá fi ẹsẹ̀ rìn gba orí afárá kọjá.