Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Apàlọ́ àti Elégbè Lórí Ẹ̀rọ Ayélujára



Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà ti lé wa kúrò ní gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti ń bá ojú tí a kò rí sọ̀rọ̀ lórí Zoom. Àrùn náà rọlẹ̀, àṣà náà kò lọ. Báwo ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára ṣe lè mú kí ọkàn àwọn olùgbọ́ wà lọ́dọ̀ rẹ̀? Èrò tèmi ni pé lítíréṣọ̀ alohùn wa ti dáhùn apá kan ìbéèrè yìí. Apá kejì ni ó kù kí a ronú sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo apàlọ́. Bí ó bá ní "Ààlọ́ o!", tí a kò dáhùn pé "Ààlọ̀!", kò ní tẹ̀ síwájú. Ìdáhùn yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Òun ni ẹ̀rí pé àwọn olùgbọ́ ti gbà láti bá a rìn. Àlọ́ àpamọ̀ ni a sì sábà fi ń ṣíde, kí ọpọlọ lè jí. Láàárín ìtàn, orin a dé. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun yóò gbe orin kì í tètè sùn.

Ibi tí ẹ̀rọ ti da nǹkan rú nìyí. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ kan gbé ìwádìí jáde lórí èdè 10. Wọ́n rí i pé láàárín ìbéèrè àti èsì nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀, ní ìpíndọ́gba, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ohùn tí ó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í pẹ́ bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbe orin pọ̀ lórí Zoom, ariwo ni yóò gbọ́. Bí olùsọ̀rọ̀ bá sì béèrè ọ̀rọ̀ tí èsì kò tètè dé, a máa dá ara rẹ̀ lóhùn. Bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn olùgbọ́ ti mọ̀ pé a kò nílò àwọn.

Ohun tí mo dábàá nìyí. Kí a fi ìbéèrè ṣíwájú ẹ̀kọ́, bí àlọ́ àpamọ̀ ti ń ṣíwájú ìtàn. Kí a yan elégbè kan ṣoṣo tí yóò fi ohùn dáhùn, kí àwọn yòókù kọ èsì tiwọn ránṣẹ́. Bí a bá béèrè, kí a fọkàn ka ení títí dé ẹẹ́wàá kí a tó tún la ẹnu. Kí a sì dárúkọ ẹni tí ó kọ èsì, kí ó lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun dé.

Àwọn olùkọ́ kan a máa pàṣẹ pé kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tan kámẹ́rà. N kò fara mọ́ ọn. Owó ni a fi ń ra dátà, kámẹ́rà a sì máa jẹ ẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ní ọdún 2021, Jeremy Bailenson ti Yunifásítì Stanford ṣàlàyé pé ojú tí ó súnmọ́ni jù, wíwo ojú ara ẹni láìdáwọ́dúró, àti àìlè kúrò lójú kan wà lára ohun tí ń mú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ súni. Ẹ má sì gbàgbé pé alẹ́ ni a ń pàlọ́. Nínú òkùnkùn, ohùn tí ó dáhùn ni apàlọ́ fi ń mọ ẹni tí kò tíì sùn. Ojú tí a fi tipátipá ṣí kọ́ ni ojú tí ọ̀rọ̀ wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dákẹ́ lórí ẹ̀rọ lè wà ní abúlé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dára, kí ó sì máa fi etí sílẹ̀ gidigidi. Bí a kò bá fi àyè sílẹ̀ fún èsì rẹ̀, a ó máa sọ̀rọ̀ nìṣó, ẹ̀kọ́ yóò sì ti dópin kí a tó mọ̀.