Àwòrán Iṣan Ọkàn

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ọ̀rá a máa lẹ̀ mọ́ inú iṣan tí ń bọ́ ọkàn, láìsí ìrora. Èyí tí ó rọ̀ ni ó léwu jù: bí ó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ a dì, ọ̀nà a sì dí lójijì. Ẹ̀rọ CT ni a fi ń ya àwòrán rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Scotland, a pín àwọn 4,146 tí àyà ń dùn sí ọ̀nà méjì. Apá kan ni a ya àwòrán fún. Ìròyìn ọdún 2018 wí pé, láàárín ọdún 5, àrùn ọkàn kọlù tàbí pa 2.3 nínú 100 wọn, ṣùgbọ́n 3.9 nínú 100 àwọn ìyókù.

Àwòrán nìkan kì í wo ni sàn. Ẹni tí a bá fi ewu hàn, kí ó má ṣe fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀.