Ìtọ́jú Ọmọ Lẹ́yìn Ìkọ̀sílẹ̀: Ẹrù tí Kì í Kúrò Lọ́rùn Baba



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba Aṣẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, kò sí ẹni tí ó so yìgì nítorí kí ó lè tú u. Ṣùgbọ́n bí yìgì bá tú, okùn ọmọ kì í tú. Ọkọ lè di ọkọ àtijọ́, ìyàwó lè di ìyàwó àtijọ́. Baba kì í di baba àtijọ́.

Láti Lekki títí dé Ajah, ilé olówó àti yàrá tálákà kò jìnnà síra wọn. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ńlá wà níbẹ̀, ẹni tí ó ń wa dáńfó lọ sí Ọbáléndé náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní Etí-Ọ̀sà láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2022, ọ̀nà oúnjẹ ọ̀pọ̀ baba dí. Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ sì fò sókè. Bí ọkùnrin kan tí ó ń dá gbé ní Badore bá ń gba 85,000 náírà lóṣù, iye tí ìjọba Èkó fọwọ́ sí ní 2024 pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbà kéré sí i, tí ọmọ rẹ̀ méjì sì wà lọ́dọ̀ ìyá wọn ní Ìkòròdú, kí ni kí ó ṣe?

Ohun tí púpọ̀ nínú irú baba bẹ́ẹ̀ ń ṣe ni pé, bí owó kò bá pé, ojú a tì wọ́n. Wọn kò ní fi 10,000 náírà ránṣẹ́ nítorí pé 20,000 ni wọ́n ṣèlérí. Wọn a pa fóònù. Oṣù kan a di mẹ́ta, mẹ́ta a di ọdún. Ìtìjú ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọmọ tí kò mọ ojú baba rẹ̀ mọ́ ni ó parí sí.

Ọlọ́hun ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí nínú Súrátù Tàlákì, súrà 65, áàyá 7. Ó pàṣẹ kí ọlọ́rọ̀ ná bí ọrọ̀ rẹ̀ ti tó, kí ẹni tí arísìkí rẹ̀ há náà ná nínú ohun tí a fún un. Kò yọ tálákà sílẹ̀; ìwọ̀n ni Ó dín kù fún un. Ẹni tí ó ní díẹ̀ tí ó mú díẹ̀ wá kò jẹ̀bi. Ẹni tí ó ní díẹ̀ tí kò mú nǹkan kan wá ni ó jẹ̀bi. Ní ti ahun tí ó ní tí ó há a mọ́wọ́, Ànábì yọ̀ǹda fún Hindu, ìyàwó Abu Sufyan, láti mú nínú owó ọkọ rẹ̀ ohun tí yóò tó òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, láìkọjá ààlà.

Òfin ìlú kò ta ko èyí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti 2003, ìpín 14, sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú bí agbára òbí bá ṣe mọ. Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007.

Nítorí náà, kí baba yọ owó ọmọ sọ́tọ̀ ní ọjọ́ tí owó bá wọlé. Kí ó má dúró de ohun tí yóò ṣẹ́ kù. Kí ẹni tí ó ń pa owó ojoojúmọ́ dá àjọ lọ́tọ̀ fún un. Kí ó ṣèlérí èyí tí agbára rẹ̀ ká. Bí iṣẹ́ bá bọ́, kí ó sọ fún ìyá ọmọ kí ọjọ́ tó pé; bí owó bá gbòòrò, kí ó fi kún un láìjẹ́ pé a pè é lẹ́jọ́. Kí wọ́n kọ àdéhùn náà sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí. Kí ó san owó ilé ìwé fún ilé ìwé fúnra rẹ̀, kí ó sì tọ́jú ìwé ẹ̀rí. Kí ó má sì ná owó wòlíímọ̀ àti aṣọ ẹbí nígbà tí ebi ń pa ọmọ tí ó ti bí.

Ìyá náà ní ojúṣe. Súrátúl Bàkárà, áàyá 233, kọ̀ kí a fi ọmọ ni ìyá lára, ó sì kọ̀ kí a fi ọmọ ni baba lára. Ọmọ kì í ṣe ìbodè tí a ń gbowó kí a tó jẹ́ kí baba kọjá. Baba pẹ̀lú kò gbọ́dọ̀ há oúnjẹ mọ́ ọmọ nítorí pé òun àti ìyá rẹ̀ ń jà. Bí ọ̀rọ̀ kò bá lójú, kí wọ́n lọ bá àwọn aáfà àti àgbà, tàbí Citizens' Mediation Centre tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 1999, níbi tí a ti ń làjà lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí jámọ́ọ̀ náà má kàn máa dá irú arákùnrin bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sì ní yẹ lẹ́ni tí sàká tọ́ sí.

Ànábì kọ́ wa pé, nínú owó tí ènìyàn ná sí ojú ọ̀nà Ọlọ́hun, èyí tí ó fi dá ẹrú sílẹ̀, èyí tí ó fi ṣe sárà àti èyí tí ó ná sórí ará ilé rẹ̀, ti ará ilé ni ẹ̀san rẹ̀ tóbi jù. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí baba fi ránṣẹ́ láti Ajah, tí ojú ń tì í pé ó kéré, kò kéré lójú Ọlọ́hun.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ìwọ̀nba tí ó wà lọ́wọ́, kí Ó sì mú ìdẹ̀kùn wá lẹ́yìn ìnira. Áámíìn.

Wàsàlámù àlékùm wàráhámátúlọ́hì wàbàràkátúhù.