Ẹ Má Fi Kíndìnrín Kan Pamọ́ fún Dókítà



Fáàfù ni ilẹ̀kùn inú ọkàn tí ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kọjá láìpadà sẹ́yìn. Ọ̀fun dídùn ọmọdé tí a kò tọ́jú lè dá àìsàn tí yóò bà á jẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni àtúnṣe rẹ̀. Ní ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn tí a ṣí sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Enugu.

Ẹni tí ó ní kíndìnrín kan ṣoṣo ńkọ́? Ẹlòmíràn a fi í pamọ́, kí dókítà má baà kọ̀ ọ́. Ewu ńlá ni. Kíndìnrín kan tí ó dá ṣáṣá lè tó ènìyàn lò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ náà lè ni ín lára. Bí dókítà bá ti mọ̀, yóò fi ìṣọ́ra ṣe é.

Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò. Ẹ dárúkọ gbogbo oògùn àti àgbo tí ẹ ń lò. Oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac, tí à ń gbé mì bí a bá ti oko dé, lè ba kíndìnrín jẹ́: ẹ má lò ó láìbéèrè. Ẹ má sì fúnra yín dá oògùn tí dókítà kọ dúró. Ẹ tọ́jú eyín tó jẹrà, nítorí kòkòrò rẹ̀ lè gba inú ẹ̀jẹ̀ dé fáàfù.

Ẹ sọ òtítọ́ fún ẹni tí yóò wo yín. Ọlọ́run yóò fún wa ní àlàáfíà.