Dusé Mohamed Ali: Àlejò Tó Kọ Ìtàn Ara Rẹ̀ ní Èkó



Ní Ìlá Ọ̀ràngún tí a ti tọ́ mi, orírun àlejò la kọ́kọ́ ń bèèrè. Dusé Mohamed Ali, òṣèré àti oníwèé-ìròyìn, dé Èkó ní 1931. Ó dá ìwé ìròyìn The Comet sílẹ̀ ní 1933. Inú rẹ̀ ló ti tẹ ìtàn ayé rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ ní 1937 sí 1938. Ó ní Íjíbítì ni a ti bí òun. Àwọn òpìtàn ń ṣiyèméjì sí apá kan ìtàn èwe rẹ̀. Èmi kò ka ìyẹn sí irọ́ lásán: oríkì ni mo kà á sí. Àgbà ẹni àádọ́rin ọdún ni. Ó ki ara rẹ̀, lójú gbogbo Èkó. Níbẹ̀ náà ló kú sí ní 1945.